Tíṣà, Ṣé Ọmọ Limón Ni Yín?

  Láti ìgbà tí mo ti padà dé ni ẹ ti ń dà mí láàmú pé kí n kọ nǹkan nípa ibi tí mo lọ ṣe tíṣà sí. Mo ti sọ ti òjò ibẹ̀ fún yín, mo ti sọ ti oúnjẹ ibẹ̀, a sì ti fi rẹ́rìn-ín dáadáa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí èmi gan-an ni mo jẹ̀bi nínú ẹ̀. Òtítọ́ korò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lónìí.

Costa Rica ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló wà, Nicaragua lápá òkè ẹ̀, Panama lápá ìsàlẹ̀, òkun lọ́tùn-ún, òkun lósì. Ètò kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ló mú mi débẹ̀ ní 2024. Ìlú tí wọ́n fi mí sí ń jẹ́ Turrialba, ìlú kékeré kan tí oko kọfí àti oko ìrèké yí ká, tí òkè ńlá kan tó máa ń tú èéfín àti eérú jáde sì dúró sí ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá ni mo ń kọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé èdè Sípáníìṣì ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa. Tiwọn tilẹ̀ tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Costa Rica, àgbà lè fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ọkọ lè fi bá ìyàwó sọ̀rọ̀, kódà mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń bá ajá ẹ̀ wí pé, "Ẹ jókòó síbẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, àwọn èèyàn yìí mọ ọ̀wọ̀ o. Mi ò mọ̀ pé èmi tí mo ti ilé ọ̀wọ̀ wá ni màá tàbùkù èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Limón fún yín. Ìlú etí òkun ni, lápá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ibẹ̀ àti agbègbè ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn dúdú Costa Rica ń gbé. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí aláwọ̀ dúdú níbòmíràn, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Ṣé ọmọ Limón ni yín?" Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo débẹ̀ tí àwọn kan ti ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe rìn lálẹ́ ní Limón, pé olè pọ̀ níbẹ̀, pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Ọmọ dúdú kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì mi. N kò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé, ojú ọmọ yìí ń tàn bí òṣùpá. Kí n tó kọ orúkọ mi sójú pátákó tán ló ti nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ṣé ọmọ Limón ni yín?"

Mo dáhùn kíá. "Èmi kẹ̀? Rárá o! Áfíríkà ni mo ti wá, Nàìjíríà. Èmi kì í ṣe ọmọ Limón rárá." Mo sì fi ọwọ́ ṣe é bí ìgbà tí èèyàn ń lé eṣinṣin. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rọra sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ojú ló ń tì í, pé bí àwọn ọmọ kan ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹ má wulẹ̀ bínú sí mi, gbogbo wa la mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Níbí yìí náà, ẹ bi ẹnì kan níbi tó ti wá, á ní Ìbàdàn. Ẹ bá a délé, ẹ ó rí i pé abúlé tó fi wákàtí kan àtààbọ̀ jìnnà sí Ìbàdàn ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn.

Ó wá di ìparí Oṣù Kẹjọ. Àwọn alákòóso ètò wa ní kí gbogbo tíṣà láti ìlú gbogbo wá pàdé ní olú ìlú, San José, fún òpin ọ̀sẹ̀ àṣà, kí a lè mọ orílẹ̀-èdè tí a wà. Ọjọ́ Sátidé tó bọ́ sí 31 Oṣù Kẹjọ 2024 ni. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ náà àti àṣà wọn. Mo gbọ́, mo ní "ó dáa," mo wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ìrìn bíi wákàtí méjì ni. A gba Cartago kọjá, ibi tí ìjọ Àgùdà ńlá kan wà. Tíṣà ará Kánádà tó jókòó tì mí ló ń ka ìwé ìtọ́nisọ́nà sí mi létí. Ó ní inú ìjọ yẹn ni ère Màríà kékeré kan wà tí wọ́n fi òkúta dúdú gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní La Negrita, ìyẹn obìnrin dúdú kékeré. Ìtàn wọn sọ pé ní 1635 ni wọ́n rí i, ní àdúgbò tí àwọn dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà pọ̀ ń gbé lẹ́yìn ìlú. Òun ni alábòó orílẹ̀-èdè náà. Ní gbogbo 2 Oṣù Kẹjọ, ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, láti San José nìkan ó tó bíi kìlómítà 22. Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń kúnlẹ̀ fún dúdú." Lẹ́yìn náà mo sùn lọ.

San José tutù díẹ̀, torí orí ilẹ̀ gíga ló wà, ó lé ní 1,100 mítà sí òkun. A kọ́kọ́ lọ wo wúrà àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ ilẹ̀, abẹ́ gbàgede gan-an! Báńkì àpapọ̀ wọn ló ni ín. Ọ̀pọ̀lọ́ oníwúrà, ẹyẹ oníwúrà, gbogbo ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti ṣe kí Sípéènì tó dé.

Lẹ́yìn náà la sọdá sí Teatro Nacional, ilé eré wọn tí wọ́n ṣí ní 1897. Owó orí tí wọ́n gbé lé kọfí tó ń lọ sókè òkun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé náà. Ẹ̀yin ará, ilé náà dára! Òkúta mábù, wúrà lára ògiri, ìjókòó aláwọ̀ pupa. Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn, obìnrin tó ń mú wa kiri ní ká gbójú sókè wo àjà. Àwòrán ńlá kan wà níbẹ̀, tó fi àwọn èèyàn tó ń kórè kọfí hàn, tí wọ́n ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń dúró dè wọ́n. Aleardo Villa, ará Ítálì, ló yà á. Obìnrin náà bi wá pé, "Kí ni àṣìṣe inú ẹ̀?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Etí òkun ni wọ́n ti ń kórè kọfí! Kọfí Costa Rica sì rèé, orí òkè ni wọ́n ń gbìn ín. Ọmọ Oǹdó wo ló máa ya kòkó sí etí òkun Èkó? Ọkùnrin tó gbé odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání láàárín àwòrán náà, bó ṣe gbé e, kò sí àgbẹ̀ tó ń gbé e bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn inú ẹ̀, bí ará Ítálì ni wọ́n rí lójú mi. Ó ní Ítálì lọ́hùn-ún ni ọkùnrin náà jókòó sí tó ti yà á. Mo rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Mo ní, "Aláìmọ̀kan! Ẹni tí kò débẹ̀, kí ló ń yà?" Wọ́n ti fi àwòrán náà sẹ́yìn owó kólóònù márùn-ún rí. Wọn kì í ná an mọ́, àwọn àlejò ni wọ́n ń tà á fún. Mo ra ẹyọ kan, mo tì í sínú ìwé mi.

Ibi kẹta ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè. Bárékè ṣọ́jà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ihò ọta ìbọn ogun abẹ́lé 1948 ṣì wà lára ògiri ẹ̀ títí di òní. Ní 1 Oṣù Kejìlá 1948, José Figueres tó borí nínú ogun náà gbé òòlù ńlá, ó fi lu ògiri bárékè yẹn, ó ní láti òní lọ, a ò ní ṣọ́jà mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn ní 1949, wọn ò sì ní ṣọ́jà títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Èmi tí mo ti ilẹ̀ tí ṣọ́jà ti fipá gbàjọba léraléra wá, mo dúró síwájú ògiri yẹn pẹ́. Mo fọwọ́ kan ihò kan. Mo ní, ẹ wo bí èèyàn ṣe lè pinnu pé òun ò ṣe báyìí mọ́.

Bí a ṣe jáde ni òjò dé. Òjò ọ̀sán ibẹ̀ kì í bẹ èèyàn. A sá wọ Mercado Central, ọjà tó ti wà láti 1880, ojú ọ̀nà inú ẹ̀ tóóró, ewé àgbo, ẹja, bàtà awọ, òórùn kọfí. A jókòó sí bùkà kan, mo ní kí wọ́n gbé "casado" wá. Ìtumọ̀ orúkọ oúnjẹ náà ni "ẹni tó ti gbéyàwó". Ìrẹsì, ẹ̀wà dúdú, ẹran, ewébẹ̀, àti dòdò! Dòdò gidi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa. Ilé sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọbìnrin tó gbé e wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi: "Ṣé ọmọ Limón ni yín?"

"Rárá, rárá, rárá!" Àní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí i.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn mi, ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì kan tó jọ ti Jàmáíkà, tó tún fẹ́ jọ píjìn wa. "Kí ló burú nínú Limón?"

Mo wẹ̀yìn. Ìyá àgbà dúdú kan ni, ó wé gèlè aláwọ̀ mẹ́ta, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì. Ó wo ojú mi. Inú kò bí i. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, Áfíríkà ni mo..." Ó ní, "Mo ti gbọ́. Gbogbo ọjà ló gbọ́. Kí ló burú nínú Limón?"

Mi ò rí èsì. Ó ní kí n gbé àwo mi wá. Mo gbé e lọ bá a.

Ìtàn tó sọ fún mi nìyí. Àwọn ọdún tí mo kọ síbí, mo padà lọ yẹ̀ wọ́n wò nínú ìwé kí n má bàa purọ́ fún yín. Ní ìgbà àtijọ́, kọfí wà lórí òkè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó dáa tí wọ́n lè gbà gbé e dé òkun ìlà-oòrùn. Ní 1871 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Limón. Ẹ̀rọ̀fọ̀, ejò, ibà, òjò: àwọn òṣìṣẹ́ ń kú bí ẹ̀lírí. Láti 1872 ni ọkọ̀ ti ń kó àwọn ọkùnrin dúdú wá láti Jàmáíkà. Bàbá bàbá ìyá yìí wà lára àwọn tó wá. Ní 1884, ìjọba fún Minor Keith, òyìnbó Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ náà, ní ilẹ̀ tó tó 800,000 éékà. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ojú irin parí ní 1890. Nígbà tó di 1899, iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní United Fruit.

"Bàbá bàbá mi gbẹ́lẹ̀ ojú irin," ìyá náà wí. "Bàbá mi ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àrùn mú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ kó lọ sí òkun kejì. Bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní òfin ti dé, dúdú kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Òótọ́ ni. 1934 ni òfin náà jáde.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò wá sí ìlú ńlá níbí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà náà, kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ tó ní ká má wá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ibi tó yẹ ká ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú inú rélùwéè, Turrialba ni wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, kí àwọn funfun wọlé rọ́pò wọn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, dòdò dúró sí mi lọ́fun. Turrialba! Ìlú tí mo ti ń kọ́ni. Ìlú tí Àbẹ̀kẹ́ ti nawọ́ sókè lọ́jọ́ yẹn, tó ń wá ẹni tirẹ̀ kan ní kíláàsì.

Ó ní 1945 ni wọ́n bí òun, ní Limón, ṣùgbọ́n wọn ò ka òun sí ọmọ ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ogun yẹn, ní 1949, ni ọ̀nà tó ṣí fún àwọn dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀ láti di ọmọ onílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun. Ó ní títí di 2015, ìwé òfin wọn kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé onírúurú ẹ̀yà ló ni orílẹ̀-èdè náà. Ó ní ọmọ dúdú sì ti ṣe igbákejì ààrẹ, Epsy Campbell, láti 2018 di 2022, ojú òun sì rí i. Ó wá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ la ti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Áfíríkà wá, tó ń fọwọ́ gbá wa dànù, tìẹ ni mo kọ́kọ́ rí."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní inú ọjà, lórí ilẹ̀ tí omi òjò ti rin. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé mo ṣubú ni! Ìyá náà ní, "Kí lèyí?" Mo ní bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyí, bí a sì ṣe ń tọrọ àforíjì náà nìyí. Ó ní, "Dìde, dìde, ilẹ̀ tutù." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi ìdí gèlè ẹ̀ nu ojú.

Lẹ́yìn náà a kàn ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ní wọ́n ń gbin "ñame" ní Limón, kí la ń pè é? Mo ní iṣu. Ó wí i tẹ̀ lé mi: "Iṣu." Ó ní ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè ni tiwọn ní ọjọ́ Àìkú. Ó bi mí pé ṣé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá òun lọ sí Jàmáíkà. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó lè dùn, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́: ẹ̀yà tí wọ́n kó lọ pọ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ó ní, "Kò burú. Ṣáà ti mọ̀ pé a wà."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo yọ owó kólóònù márùn-ún mi wò. N kò rí ẹ̀rín ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ya ohun tí kò mọ̀ rí, tó gbé kọfí sétí òkun, ó kéré tán kò débẹ̀. Èmi débẹ̀. Mo ń rí Àbẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ya àwòrán ilẹ̀ sójú pátákó: Jàmáíkà, òkun, Limón, ojú irin, Turrialba. Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo wá ní, "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tó dáa, mo sì fi èsì burúkú fún un. Ẹ forí jì mí." Kíláàsì dákẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kò wò mí. Fèrèsé ló ń wò. Mo ti rò pé á sáré wá dì mọ́ mi ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú fíìmù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí agogo lù, tí wọ́n ń jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní, "Wa'apin, Tíṣà." Bí wọ́n ṣe ń kíra ní Limón nìyẹn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Mo ní, "Wa'apin." Ó lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó nawọ́ sókè.

Ìdí tí mo fi kọ èyí fún yín ni pé àwa náà ní Limón tiwa níbí. Àwọn tí a ń fi "Àgànyìn" bú, àwọn tí a ń pè ní ará oko, àwọn tí ẹ̀ka èdè ilé wọn ń pa wá lẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Kí ẹ tó fọwọ́ ṣe é bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ẹ rọra wo ẹni tó bi yín.

Títí mo fi kúrò ní Costa Rica, wọn ò yéé bi mí bóyá ọmọ Limón ni mí. Èsì mi yí padà. Mo máa ń ní, "Wọn ò bí mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ìyá kan níbẹ̀."